Akẹtẹ̀ Bàbá ní Amadi-Ama

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi láé: ọjọ́ tí èmi, ọmọbìnrin Yorùbá tí wọ́n kọ́ nílé, ní kí bàbá arúgbó ṣí akẹtẹ̀ lójú ìyàwó rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni. Mo wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì ní Port Harcourt. Olùkọ́ wa ní ká lọ fi fọ́tò ṣàlàyé bí àwọn ẹ̀yà kéékèèké ṣe ń fi ara wọn hàn. Ẹni tí kò bá mú fọ́tò méjìlá wá kò ní gboyè lọ́dún náà. Mo yá kámẹ́rà, mo wọ jíǹsì àti tíṣáàtì tí wọ́n kọ “California” gàdàgbà sí láyà, ó di Amadi-Ama, ìlú ẹ̀yà kékeré kan létí omi.

Bàbá tí wọ́n júwe fún mi ti múra dè mí: ẹ̀wù gígùn funfun, ọ̀pá ìtilẹ̀, àti akẹtẹ̀ òyìnbó dúdú. Ìyàwó rẹ̀ ti gbé àga síta, àwọn aládùúgbò sì ń dúró kí n ya tiwọn náà. Ṣé kí n kàn tẹ kámẹ́rà ni? Rárá o, ìwé tí mo kà ń gùn mí. Mo ní akẹtẹ̀ yìí kì í ṣe àṣà wọn.

“Papa, abeg, comot the hat. I want your real culture.”

Bàbá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “My papa wear am, him papa wear am. Na chief cap be this. So California na your village?”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìtìjú mú mi fà sẹ́yìn, àfi gbì! nínú ẹrẹ̀ etí omi, ó dé itan. Kámẹ́rà nìkan ni mo rí gbé sókè. Wọ́n fà mí jáde, ṣùgbọ́n bàtà mi kan ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Ni mo bá gbọ́ tí Bàbá ní kí wọ́n gbé àga wọlé, ẹnikẹ́ni kò ní ya fọ́tò mọ́. Oyè mi ń lọ lójú mi! Kí n tó mọ̀, orúnkún mi méjèèjì ti kanlẹ̀.

“Wetin be that?” Bàbá bi mí.

“Papa, na so we Yoruba dey beg elder.”

Ojú rẹ̀ rọ̀. “Ehen! So you get your own. Bring that camera, make I snap am first.”

Ó ya èmi ẹlẹ́rẹ̀ tán, ó tún akẹtẹ̀ rẹ̀ ṣe, ó jókòó. Mo ya òun àti gbogbo wọn bí wọ́n ṣe múra.

Nígbà tí a lẹ fọ́tò mọ́ ògiri kíláàsì, olùkọ́ wa nàka sí ọmọbìnrin ẹlẹ́rẹ̀ tó kúnlẹ̀, ó ní ẹ̀yà wo lèyí. Mo gbórí sókè, mo ní, “Yorùbá ni, sà. Èmi ni.” Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí, mo bá wọn rín in, inú mi sì ń dùn.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èmi kò wolé, mo ti fẹ́ sọ bàbá ọmọ lórúkọ. Mo gboyè náà ṣá o. Fọ́tò méjèèjì wà ní pálọ̀ mi lónìí, ti Bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Bí àlejò bá béèrè, mà á rẹ́rìn-ín, mà á ní àṣà ilé bàbá wa la wọ̀ lọ́jọ́ náà: tiẹ̀ wà lórí, tèmi wà lórúnkún.