Omi Ẹlẹ́ja Ṣì Kan

Ní àárọ̀ Sátidé kan, Hàlímọ̀, tó ń ṣe làfún ní abúlé kan lẹ́yìn Ìdèrè, jókòó sórí korobá tó dojú dé létí odò Ẹlẹ́ja. Ó ń wo Obadiah bó ṣe ń ti bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, irú èyí tí wọ́n fi ń yẹ omi wò, bọ omi. Wolé-wolé tó ti fẹ̀yìn tì ni Obadiah, òun sì ni akọ̀wé àwọn tó ń tún odò náà ṣe. Ohun tí bébà bá sọ ni yóò lọ jẹ́ fún ìlú nírọ̀lẹ́. Bí kò bá dára, wọ́n á pa iṣẹ́ náà tì.

Àwọn tó wa èédú lókè odò náà láyé àtijọ́ ti kó ẹrù wọn lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n omi pupa ò yé sun láti inú kòtò wọn. Ẹja tán nínú odò. Odò kejì, ìrìn wákàtí kan, ni Hàlímọ̀ ń ru pákí lọ rẹ sí. Oṣù mẹ́ta rèé tí gbogbo ìlú, láti ilé dé ilé, ti ń gbà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti kó òkúta ẹfun sójú ibi tí omi ń gbà kọjá, kí ó lè dára.

Obadiah ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ èédú náà títí. Hàlímọ̀ ní igi ni wọ́n ń sun kó tó di èédú, ta ló wá lọ dáná sábẹ́ ilẹ̀? Obadiah ní ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Hàlímọ̀ ní ilẹ̀ náà gbìyànjú.

Obadiah gbé bébà sókè. Ó ti pọ́n.

"Màmá Rùkáyyàh, omi yìí ṣì kan."

"Ta ló kàn?"

"Omi ni."

"Mo gbọ́. Ilé Awótúndé ló kó òkúta lánàá, a jẹ́ pé àwa ló kàn." Ó ti ń wá agbọ̀n rẹ̀.

"N ò sọ pé kàn. Kan ni mo wí."

"Ta ni ẹnì kan ọ̀hún?"

"Omi kan, bí ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe ń kan."

Hàlímọ̀ bu omi sọ́wọ́ láti tọ́ ọ wò. Obadiah sáré dá a dúró, ó ní bébà ti sọ ọ́ tán: kò lè sí ohun ẹlẹ́mìí kankan nínú omi yìí.

Inú Hàlímọ̀ bàjẹ́. Ó ro ti orúnkún rẹ̀ àti ọ̀nà odò kejì. Ó wo òkè odò, ó wo ìsàlẹ̀, ó tún wo ibi tí akọ̀wé dúró sí.

"Bàbá Ṣèyí, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún la kó òkúta sí. Omi tẹ́ ẹ ń yẹ̀ wò yìí ò tíì débẹ̀."

Obadiah wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ibí ló gbẹ," ó ní jẹ́jẹ́. "Bàtà mi, tuntun ni."

Hàlímọ̀ ká ìró sókè, ó sọ̀ kalẹ̀. Obadiah bọ́ bàtà, ó gbé e dání, ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n kọjá òkúta, Hàlímọ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sì nàró mọ́. Ẹja mẹ́ta, tí kò ju ìka ọmọdé lọ, ń lúwẹ̀ẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kékeré ló wà nígbà tó rí ẹja níbẹ̀ kẹ́yìn. Omi lé sí i lójú.

Obadiah ti bébà mìíràn bọ omi. Kò pọ́n mọ́. Àwọ̀ ìyeyè ló mú wá. Ó wo bébà, ó wo ẹja, ó tún wo bébà. Ó ní omi ti ń dára, lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ní ká tẹ̀lé bébà, kò tíì yẹ kí ẹja dé.

"Kí ni kí n wá kọ fún ìlú báyìí?"

"Ẹ kọ ọ́ pé ẹja mẹ́ta ti dé," Hàlímọ̀ ní, "ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀wé kà."