Wọ́n Rán Ambrose Lọ Gba Ẹ̀mú

Ní àárọ̀ Sátidé kan ní ìlú Tolliver, ní ìpínlẹ̀ Alabama, nígbà tí àgọ́ àwọn ìdílé tó wá wòran ti hù kún pápá ẹ̀yìn ọgbà bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì bí olú lẹ́yìn òjò, Ambrose Tate dúró lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, ó ń wá ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó náà ni Cleophus Gaines, òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí kò sí ohun tí kò mọ̀. Ó jókòó ti àgbá dúdú tí ìdílé wọn fi ń yan ẹran ní gbogbo ọjọ́ tí àwọn Àwòdì, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, bá ń ṣeré nílé. Èjìká ẹlẹ́dẹ̀ ti wà lórí tábìlì, wọ́n ti fi iyọ̀ àti ata pa á lára. Iná ló kù tí kò tíì ràn dáadáa. Ẹ̀mú gígùn tí Cleophus fi ń yí ẹran padà wà lórí itan rẹ̀ bí ọ̀pá àṣẹ.

Ẹ̀mú yẹn gan-an ni wọ́n rán Ambrose wá gbà. Màmá Àgbà, ìyá Cleophus, ló pàṣẹ lábẹ́ àgọ́. Ẹran ti gbẹ ní Sátidé méjì léra wọn. Kí Ambrose gba ẹ̀mú kí ẹran tó gun orí iná, kó sì gbé e fún Dexter, ọkọ ọmọ Cleophus, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Texas dé. Ambrose bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n rán ẹlòmíràn. Màmá Àgbà dá a lóhùn pé ẹni tí kò bá lè gba ẹ̀mú náà ni yóò dá jẹ gbogbo ẹran tí ẹ̀mú náà bá yan.

"Bọ̀dá Cleo," ni Ambrose wí, "Màmá Àgbà ní kí n..."

"Jókòó. Ṣé o gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe?"

"Ọkùnrin wo?"

"Dabney. Kóòṣì wa. Ó ní Poole náà ló tún máa ju bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́ òní."

Ambrose jókòó. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jù ú; ní Tolliver, ẹni tó ń jù ú ni orí ẹgbẹ́. Bí ó bá jù ú sọ́wọ́ ará ilé, ìlú á jó; bí ó bá jù ú sọ́wọ́ ọ̀tá, pásítọ̀ pàápàá á gbàgbé ibi tó dé nínú ìwàásù lọ́jọ́ kejì. Ọmọkùnrin tó ń jẹ́ Jarvis Poole ti wà nípò yìí láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, ọ̀tá ló ń rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbà jù.

"Ọmọ dáadáa mà ni Poole," ni Ambrose wí. "Ó máa ń kí èèyàn. Ó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó bá wa to àga."

"Kó máa to àga lọ nígbà náà. Ta ló ní kó má to àga? Bọ́ọ̀lù lèmi ń sọ."

"Ó sì ti pẹ́ níbẹ̀."

"Pípẹ́ ọ̀hún gan-an lẹjọ́ rẹ̀. Gbọ́ mi dáadáa, Ambrose. Kéèyàn pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé ó mọṣẹ́. Òkúta ti pẹ́ nínú odò, ṣé ó mọ̀wẹ̀?"

Ambrose wo ẹ̀mú. Ọkàn rẹ̀ lọ sí Sátidé tó kọjá. Cleophus gé ẹran kalẹ̀ lọ́jọ́ náà, ègé kan sì bọ́ sílẹ̀. Ajá ìdílé Broadnax, àwọn aládùúgbò tó máa ń pa àgọ́ sí ẹ̀gbẹ́ wọn, gbé e lẹ́nu, ó sì lọ. Díákónì ni wọ́n ń pe ajá náà, nítorí ojú rẹ̀ tó máa ń fà ro. Kò pẹ́ tí Díákónì fi padà wá, tó rọra gbé ẹran náà sí ibi tó ti mú un, gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí tó rí ohun olóhun he lójú ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ẹni tó lè wo Cleophus lójú nínú ìdílé Gaines.

"Ṣùgbọ́n Sátidé méjì péré ló bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́," ni Ambrose wí. Ó rọra ń sọ ọ́, bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ nínú omi.

"Méjì ti pọ̀ jù. Ẹni tó bá da iyọ̀ sínú tíì lẹ́ẹ̀kan, a lè sọ pé ojú rẹ̀ ló ṣì í. Tó bá tún dà á lẹ́ẹ̀kejì, a máa gba ṣíbí lọ́wọ́ ẹ̀ ni."

"Ẹ máa gba ṣíbí."

"A máa gbà á lójú gbogbo ayé."

"Wọ́n ní ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Wọ́n ní àwọn òmìrán ẹgbẹ́ wa tó wà níwájú rẹ̀ ni kì í dáàbò bò ó."

"Àwáwí nìyẹn. Ẹni tó bá mọṣẹ́ kì í di ẹ̀bi ru àwọn tó ń bá a jìyà. Òun ló ń gba ìyìn, kó gba ìtìjú náà."

Cleophus dìde, ó ṣí ìdérí àgbá, ó yẹ iná wò, ó dé e padà. Ó tún jókòó. Ambrose ti bẹ̀rẹ̀ sí í fara balẹ̀ gbọ́ ọ báyìí, bí ọmọ ilé ìwé tí tíṣà ń ka ìdáhùn ìdánwò sí létí láìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ Cleophus wá kan bí Dabney ṣe ń ṣa àwọn ọmọ jọ. Ó ní ilé tí ìyá ọmọ bá ti mọ kéèkì ṣe nìkan ni akọ́nimọ̀ọ́gbá náà mọ̀ ọ́n yà. Yóò jókòó sí pálọ̀, yóò jẹ ègé kan, yóò jẹ òmíràn, nígbà tí yóò bá sì fi nu ẹnu tán, ó ti fún ọmọ wọn ní ipò, ì báà ṣe pé ọmọ náà kò lè sáré bá bọ́ọ̀sì ilé ìwé. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọkùnrin tó mọ ohun tó ń wá ṣe ń ṣe é. Ẹni tí imú rẹ̀ mú ni ó máa ń kọ́kọ́ rán lọ, ẹni tí yóò lọ wo ọmọ náà lórí pápá, tí yóò sì padà wá sọ òótọ́. Ó ní ọmọ kan tilẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì báyìí, Elgin Sharpe, tó gba Ilẹ̀kùn wọlé. Ilẹ̀kùn ni wọ́n ń pe ètò tí ọmọ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan bá sú fi ń kó ẹrù rẹ̀ lọ sí òmíràn. Dabney gba Sharpe wọlé tán, ó wá fi í ṣọ́ omi.

"Ṣùgbọ́n àlejò ni," ni Ambrose wí. "Ṣé ẹ̀yin fara mọ́ kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ onílé fún àlejò?"

"Ta ni àlejò? Tó bá ti wọ aṣọ wa, ó ti di tiwa."

"Níbo ló tiẹ̀ ti wá?"

"Texas."

Ambrose bojú wẹ̀yìn wo àgọ́. Dexter wà níbẹ̀, ó ń fọ ọwọ́ bí dókítà tó fẹ́ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

"Texas kò burú, àbí?"

"Kí ló burú nínú Texas? Ọmọ Texas kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré."

"Ẹ tún un sọ, Bọ̀dá Cleo."

"Kí n tún kí ni sọ?"

"Ti Texas yẹn. Ó dùn létí."

Cleophus tún un sọ, ó sì fi kún un pé ẹni tí kò bá fẹ́ kí ọmọ Texas gba ipò, ọ̀tá ìlọsíwájú ni onítọ̀hún. Ambrose bi í léèrè bóyá kí àwọn méjèèjì jọ máa pín iṣẹ́ náà ṣe. Cleophus ní ẹgbẹ́ tó bá ní ajubọ́ọ̀lù méjì kò ní ẹyọ kan, nítorí ọkọ̀ kan kì í ní awakọ̀ méjì àfi bó bá fẹ́ sùn sínú kòtò.

Ó wá ku ohun kan ṣoṣo tí Ambrose kò tíì mọ̀.

"Ta ló yẹ kó sọ ọ́ fún Poole?"

"Háà, ibẹ̀ ni wàá ti mọ̀ pé ojo ni Dabney. Kò lè wo ọmọ yẹn lójú. Ó máa rán ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni, ẹnì kan tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀, tí á kàn máa wolẹ̀."

Ambrose gbé ojú kúrò nílẹ̀.

"Ẹni tí wọ́n rán yẹn wá ńkọ́? Kí ni kó ṣe?"

"Kó jíṣẹ́. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tá a máa jẹ́ ẹ fún. Kó dìde, kó na ọwọ́, kó gba bọ́ọ̀lù. Ó parí."

Ambrose dìde. Ó na ọwọ́.

"Ẹ gbé ẹ̀mú wá, Bọ̀dá Cleo."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Kì í ṣe èmi. Màmá Àgbà ni. Wọ́n ní Sátidé méjì ti pọ̀ jù."

Èéfín yí padà, ó fẹ́ lu Cleophus lójú. Kò pa ojú dé.

"Ta ni wọ́n fẹ́ gbé e fún?"

"Dexter."

"Dexter. Dexter tó jẹ́ pé màlúù nìkan ló mọ̀ ọ́n yan."

"Texas ni, Bọ̀dá Cleo. Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré."

"Àná yìí ló dé ilé wa."

"Ó ti wọ aṣọ wa." Ambrose nawọ́ sí i. Lóòótọ́, Dexter ti wọ ẹ̀wù tí wọ́n kọ orúkọ ìdílé Gaines sí láyà, ó tilẹ̀ há a níkùn díẹ̀.

Cleophus di ẹ̀mú mú. Ó ní kí Ambrose dúró ná, kí àwọn jọ sọ òótọ́. Kí ló dé tí ẹran fi gbẹ? Iná ló ń kú, tó sì ń ràn bó ṣe wù ú. Kí ló dé tí iná fi ń ṣe bẹ́ẹ̀? Igi ló tutù. Ta ló sì gbé igi wá?

"Ìwọ ni, Ambrose. Ìwọ ló yẹ kó o dáàbò bò mí."

"Ẹ ní àwáwí nìyẹn. Ẹ ní ẹni tó bá mọṣẹ́ kì í di ẹ̀bi ru àwọn tó ń bá a jìyà."

"Poole ni mo ń bá wí."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀."

Cleophus mú ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní kí Dexter máa yan màlúù tirẹ̀ ní apá kan àgbá, kí òun máa yan ẹlẹ́dẹ̀ ní apá kejì. Ambrose kàn ṣe bí ẹni tó di ìdarí ọkọ̀ mú pẹ̀lú ẹlòmíràn, ó sì fi ọwọ́ júwe kòtò.

"Bàbá wa ló fi ẹ̀mú yìí lé mi lọ́wọ́," ni Cleophus wí, "nígbà tí ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ambrose lára. Ọwọ́ rẹ̀ tó nà síwájú bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sí èjìká ẹlẹ́dẹ̀ orí tábìlì, ó rí bó ṣe tóbi tó, ó rántí ẹni tí yóò dá a jẹ, ọwọ́ náà sì tún gòkè padà.

"Ó yẹ kí ìyá mi wá sọ ọ́ fún mi fúnra wọn."

"Wọ́n wà lọ́hùn-ún. Ṣé kí n lọ sọ fún wọn pé ẹ ní ojo ni wọ́n?"

"Má dán an wò."

Wọ́n jọ wo ọ̀nà àgọ́. Màmá Àgbà jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí omi dídì. Ó rí wọn. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni ń lé eṣinṣin.

Cleophus fi ẹ̀mú sí ọwọ́ Ambrose. Ó tú aṣọ ìdáná nídìí, ó ká àga rẹ̀, ó sì fi í há abíyá.

"Kò burú. Ilẹ̀kùn wà. Mo ti gba Ilẹ̀kùn jáde."

"Ta ló ń wá yín?"

"Àwọn Broadnax. Wọn ò ní ẹni tó ń yan ẹran láti ìgbà tí àgbàlagbà wọn ti ṣubú. Ọkùnrin tó mọṣẹ́ bíi tèmi, ẹ máa padà wá bẹ̀ mí."

Ó lọ. Ambrose gbé ẹ̀mú dé ọ̀dọ̀ Dexter. Màmá Àgbà bi í ohun tó fà á tó fi pẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ṣàlàyé pé òun gan-an kò sọ nǹkan kan, Bọ̀dá Cleo ló bá òun jẹ́ iṣẹ́ náà látòkè délẹ̀. Dexter gbé ẹran lé iná. Ìdérí àgbá kò tíì gbóná tán nígbà tí Ambrose rí Cleophus tó ń bọ̀ pẹ̀lú àga lábẹ́ abíyá. Ó gbé àga náà sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì igi, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èyí tó tutù sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó gbẹ.

"Ambrose," ni ó wí, láìgbé ojú sókè, "kí wọ́n fi ọmọ yẹn sílẹ̀, Poole. Sátidé méjì péré. Ọmọ tó ń bá wọn to àga ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ṣé àwọn Broadnax ò gbà yín ni?"

"Wọ́n ṣe mí dáadáa. Wọ́n fún mi ní tíì."

"Ṣé ẹ sọ fún wọn pé ọwọ́ bàbá yín lẹ ti kọ́ ọ?"

"Mo sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wá dun Ambrose gẹ́gẹ́ bí ará ilé. Ó ní ìwà tí wọ́n hù kò dára, nítorí kò sí ẹni tó ń kọ èèyàn láìwo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́. Ṣebí ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rán ẹni tí imú rẹ̀ mú wá wò yín."

Cleophus ju igi tútù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Wọ́n ní àwọn ti rán an. Wọ́n ní Díákónì ti wá wò mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì ti padà wá jábọ̀."