Bí Mo Ṣe Fi Ẹsẹ̀ Tó Kán Dọ̀bálẹ̀ fún Àna

Nínú gbogbo ọjọ́ tí mo fi kọ ìròyìn ní Kaduna nígbà tí sọ́jà ṣì ń ṣèjọba, ọ̀kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí mo lọ wá ìròyìn.

Risi, àbúrò mi, fẹ́ parí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ni pé kó tọ́jú ẹnì kan tó máa ṣe bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, nínú ilé, lójú olùyẹ̀wò méjì. Bí kò bá yege, ó di ọdún tó ń bọ̀. Aládùúgbò wa kan ní Mahuta ló ní òun á ṣe bí aláìsàn, ṣùgbọ́n nígbà tó di àárọ̀, wọ́n pè é síṣẹ́ ní Makera, ó sì lọ.

"Bùrọ̀dá, ẹ bá mi dùbúlẹ̀," Risi bẹ̀ mí. "Ẹ ò ní ṣe nǹkan kan. Ẹ má ṣáà dìde."

Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyẹn.

Ó fi pákó méjì há ẹsẹ̀ mi láàárín, ó wé báńdéèjì mọ́ ọn láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀. Olùyẹ̀wò àkọ́kọ́ wọlé, Hajiya kan tó gbọ́ Yorùbá dáadáa. "Sannu, maigida," ó fi Hausa kí mi. "Ó ń dùn yín?" Mo kérora. Ìkérora náà dùn létí mi, mo tún ṣe òmíràn tó gùn jù ú lọ. Risi fojú bá mi wí. Àṣà iṣẹ́ mi ò tún jẹ́ kí n dákẹ́: mo bi Hajiya pé ọdún mélòó ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà.

"Maigida," ó ní, "ta ló ń yẹ ta wò?"

Ìgbà náà ni olùyẹ̀wò kejì wọlé: màmá Ṣadé, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Mo mọ̀ pé nọ́ọ̀sì àgbà ni wọ́n. N ò mọ̀ pé àwọn ni wọ́n máa rán wá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ọmọ wọn ni mo sì ń tọrọ. Ara mi ò bi mí léèrè kó tó dìde. Mo fò sílẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀. Pákó ò jẹ́ kí orúnkún mi tẹ̀, ni mo bá lọ gbalaja bí ilẹ̀kùn tó já.

"Ẹ káàárọ̀, mà," mo kí wọn látilẹ̀.

Màmá wò mí títí. "Mo ti rí àna tó dọ̀bálẹ̀. N ò tíì rí èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán."

Hajiya bú sẹ́rìn-ín. Risi ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó kúnlẹ̀ tì mí, ó di ẹsẹ̀ mi mú. "Ẹ má dìde, bùrọ̀dá. Ẹ mi ìka ẹsẹ̀ yín kí n rí i." Ó fọwọ́ kan ìka náà wò bóyá ó tutù, ó yẹ báńdéèjì wò, ó wá ṣàlàyé fún wọn bí òun ṣe máa gbé mi padà sórí bẹ́ẹ̀dì, bí ẹni pé lóòótọ́ ni mo ṣubú.

Lóòótọ́ ni mo kúkú ṣubú.

"Aláìsàn wo ni kì í ṣe ohun tí nọ́ọ̀sì ní kó má ṣe?" Hajiya wí. "Tiẹ̀ ṣubú níwájú wa, Risi sì ṣe ohun tó yẹ kí nọ́ọ̀sì ṣe. Ó yege."

Láti ọjọ́ náà, kí n tó dùbúlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, mo máa ń béèrè ẹni tó ń bọ̀. Màmá fún mi ní Ṣadé, ṣùgbọ́n títí dòní, bí mo bá dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ohun tí wọ́n fi ń dá mi lóhùn ni, "Ẹsẹ̀ ńkọ́?" Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá fọwọ́ pa orúnkún.