Kenzhetay Tí Kò Fẹ́ Kọ́ “Lẹ́yìn”

Ẹ bá mi kí Kenzhetay, Ajókòó-síwájú-bí-imú, ọkùnrin tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń ya fọ́tò níbi ìsìnkú, àárín ló máa ń fẹ́ wà. Gbogbo ìlú Kostanai ló mọ irú ẹni tó jẹ́; òun nìkan ni kò mọ ara rẹ̀.

Ìṣòro kan ló ní. Èdè Rọ́ṣíà ló fi ń jẹ, òun ló fi ń mu, òun náà ló fi ń bú ìyàwó. Èdè Kazakh tí wọ́n fi kọ́kọ́ rẹ̀ ẹ́ sùn, ó ti gbé e jù sígbó tipẹ́. Ìgbà tí ìjọba wá ní àwọn fẹ́ dá Ilé Èdè Kazakh sílẹ̀ nílùú, tí wọ́n ní Bàbá Sagyndyk, àgbà ìlú, ni kó yan ọ̀gá síbẹ̀, ọkàn Kenzhetay kò balẹ̀ mọ́. Mọ́tò wà nídìí iṣẹ́ náà, awakọ̀ sì wà níbẹ̀.

Ó sáré wá Ìyá Bibinur, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ìyá ní kí àwọn bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń sọ ibi tí nǹkan wà. Ó gbé ife ka tábìlì.

“Nínú èdè wa, tábìlì ló ń ṣáájú, ‘lórí’ á wá tẹ̀ lé e.”

“Kí ló dé tí ‘lórí’ á fi máa tọ tábìlì lẹ́yìn bí ọmọọ̀dọ̀?”

“Bí àwọn bàbá wa ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn.”

“Kò burú. Ẹ kọ́ mi ní ‘lórí’, ẹ kọ́ mi ní ‘níwájú’. Ó tó.”

“‘Lábẹ́’ ńkọ́? ‘Lẹ́yìn’ ńkọ́? *Artynda* ni à ń pe ‘lẹ́yìn’.”

“Ẹ̀yin Ìyá yìí náà! Ta ni mo fẹ́ wà lẹ́yìn ẹ̀? Ẹ tọ́jú ìyẹn fún àwọn awakọ̀.”

Ìyá Bibinur wò ó títí. “Ẹni tí kò bá mọ ẹ̀yìn,” ó ní, “kò lè mọ ibi tí iwájú wà.” Kenzhetay ti ń wo aago.

Ẹ̀yìn Kenzhetay gan-an ni kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò. Bàbá rẹ̀, Ahmedi, wà láàyè lábúlé. Ó ń da ẹṣin, ó sì ń ṣe kumis, wàrà ẹṣin kíkan tí gbogbo wa ń mu. Òórùn ẹṣin kì í kúrò lára rẹ̀, ojú sì ń ti ọmọ. Ni Kenzhetay bá fi ẹnu pa bàbá. Ó sọ fún Bàbá Sagyndyk pé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ńlá ni bàbá òun, pé ó ti kú tipẹ́, pé orí ibùsùn ikú ló ti fi èdè Kazakh lé òun lọ́wọ́. Bàbá Sagyndyk nu omijé, ó sì pè é wá jẹun. Irọ́ yìí dùn mọ́ Kenzhetay débi pé òun náà sunkún díẹ̀.

Lọ́jọ́ àsè, wọ́n máa ń bẹ èèyàn títí kó tó gba ìjókòó ọlá tó kọjú sẹ́nu ọ̀nà. Kenzhetay ti jókòó síbẹ̀ kí wọ́n tó rántí bẹ̀ ẹ́. Ó dìde, ó fi èdè Kazakh kéde:

“Mo wà níwájú yín! Mo wà lórí yín!”

Àwọn àlejò ki ẹnu bọ inú ife wọn, ẹ̀rín ń gbọn èjìká wọn. Òun rò pé ọ̀rọ̀ òun ló wọ̀ wọ́n lára. Ó gbé kumis mu, ó pọ́n ètè lá.

“Ẹni tó ṣe kumis yìí, ọmọ Kazakh àtàtà ni! Irú wọn ò sí mọ́.”

“Ó wà,” ni Bàbá Sagyndyk wí. “Bàbá arúgbó kan ló ń tà á fún mi. Mo ní kó wá bá wa jẹun, ó ń bọ̀ lọ́nà.”

Wọ́n gbé orí àgùntàn sísè wọlé. Bàbá Sagyndyk kọ ojú rẹ̀ sí Kenzhetay.

“Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá wà láàyè kì í gbà á. Ìwọ tó jẹ́ pé bàbá ẹ ti lọ, gbà, gé e, kó o pín in fún wa.”

Kò sọ́mọ Kazakh tí kò mọ èyí. Ẹni tí bàbá rẹ̀ wà ní òkèèrè pàápàá á ní, “Ẹ má bínú, mo ní bàbá.” Kenzhetay rántí mọ́tò, ó rántí awakọ̀, ó gbé ọ̀bẹ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ àgùntàn.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ahmedi ló wọlé, ìgò kumis lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo orí àgùntàn, ó wo ọ̀bẹ, ó wá wo ọmọ rẹ̀.

“Kenzhe,” ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, “ọjọ́ wo ni wọ́n sin mí?”

Ọ̀bẹ já bọ́.

“Ẹ mọ̀ ọ́n ni?” ni Bàbá Sagyndyk bi í.

“Èmi ni mo bí i. Àfi bó bá ti pa ìyẹn náà rẹ́.”

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ni gbogbo ilé bá gbà á. Ahmedi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dùn ún, ó sì hàn lójú rẹ̀.

Bàbá Sagyndyk gbé àwo orí àgùntàn náà kúrò níwájú Kenzhetay. “Dìde níbẹ̀! Ẹni tó lè sin bàbá rẹ̀ láàyè, ṣé òun la máa fi èdè àwọn bàbá lé lọ́wọ́?” Ó fa Ahmedi lọ́wọ́ lọ síbi ìjókòó ọlá, ó sì gbé orí àgùntàn náà síwájú rẹ̀. Kenzhetay ń sún, ó ń sún, títí ó fi bá ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, láàárín bàtà àwọn àlejò.

Ìyá Bibinur náà wà níjókòó. Ó gbóhùn sókè bíi ti kíláàsì.

“Akẹ́kọ̀ọ́ mi, níbo lo wà báyìí?”

Kenzhetay tẹrí ba. Ọ̀rọ̀ tó kọ̀ ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

“*Äkemniñ artynda*,” ó ní. Lẹ́yìn bàbá mi.

“O gbà á,” ni Ìyá Bibinur wí.

Ahmedi ti gbé ọ̀bẹ. Ó gé etí àgùntàn, ó nà án sáwọn tó jókòó lọ sẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ bá mi fún un. Ọmọdé la máa ń fún létí jẹ, kó lè máa gbọ́rọ̀.”

Etí náà ti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Kenzhetay. Gbogbo ilé sì ń wò ó bó ṣe ń jẹ ẹ́.