Ìpín Tonton Chérifou Létí Òkun

Bí ẹ bá dé Tchaourou, tí ẹ sì fẹ́ mọ Tonton Chérifou, ẹ má wulẹ̀ béèrè ilé rẹ̀. Ẹ kàn dúró sí ìdí réluwéè, kí ẹ sọ pé, "Òkun tóbi o." Kò ní pẹ́ tí ọkùnrin kan á fi yọ nínú aṣọ funfun, pẹ̀lú awò dúdú lójú, á ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀ òkun láì pè mí?" Òun náà nìyẹn.

Oṣù mẹ́ta péré ni Tonton Chérifou fi ṣọ́ ilé ìkẹ́rù kan ní Cotonou, ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Ilé ìkẹ́rù náà ò sì sún mọ́ omi rárá. Síbẹ̀, bó ṣe padà dé, ó sọ ara rẹ̀ ní Ọmọ-Òkun. Àwa tí a jọ ń ta iṣu àti kajú fi tiwa kún un: Chérifou Ọmọ-Òkun, ikùn tó fẹ̀ ju ọ̀sà, a-jẹ-orí-jẹ-ìrù kó tó béèrè orúkọ ẹja. Ó rò pé oríkì ni. Ó máa ń na ọwọ́ sókè bí a bá ń kì í.

Lọ́dún yìí, ààrẹ ẹgbẹ́ àwa oníṣòwò kó lọ sí Parakou, àga rẹ̀ sì ṣófo. Àga yẹn kì í ṣe kékeré lójú Tonton Chérifou. Ẹni tó bá wà lórí rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípàdé, òun ló ń jókòó níwájú ọkọ̀, òun ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ gbé àwo fún. Ti àwo yẹn gan-an ló ń dùn ún jù.

Ẹni méjì ni wọ́n ń dárúkọ: òun àti Tata Rafiatou, obìnrin oníṣu kan tó jẹ́ pé bó bá sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta lóòjọ́, ó ti pọ̀. Alájì Oumarou, àgbà ẹgbẹ́ wa, ẹni àádọ́rin ọdún, ní ká kọ́kọ́ lọ sinmi ní Grand-Popo létí òkun láti Jímọ̀ sí Àìkú. Ọjọ́ Àìkú náà la máa yan ààrẹ.

"Bon, ọ̀rọ̀ ti tán," ni Tonton Chérifou wí. "Ẹ̀yin ò rí òkun rí. Èmi ni màá mú yín lọ. Ẹni tó bá mú yín dé òkun, tó tún mú yín padà láàyè, ṣé ẹ ṣì máa wá ààrẹ lọ síbòmíràn ni?"

Kó tó wọ ọkọ̀, ó ti yí àdúgbò ká, ó ti ṣèlérí ẹja tó jẹ́ pé ẹni méjì ló máa gbé e. Ó wá gbé abọ́ irin ńlá kan dání, èyí tí èèyàn lè wẹ ìbejì nínú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, a jókòó sábẹ́ igi àgbọn, wọ́n gbé ẹja díndín wá, pẹ̀lú edé àti àkàsà. Ọwọ́ ò tíì kan àwo tí Tonton Chérifou fi dìde.

"Ẹ dúró ná! Létí òkun, orí ẹja, ti ẹni tó mọ̀nà ni. Bí ẹni tí kò rí òkun rí bá jẹ ẹ́, òòyì á máa kọ́ ọ."

"Ikùn rẹ̀ ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ti ẹni tó mọ̀nà ni."

"Edé ńkọ́, tonton?" Habibath ló béèrè, ọmọbìnrin tí ó kéré jù nínú ẹgbẹ́ wa.

"Háà, edé! Ẹni tó bá jẹ edé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ara á máa yún un títí á fi kọjá Tchaourou dé Tchatchou. Ẹ kó o wá síbí. Ara tèmi ti mọ̀ ọ́n."

Orí ẹja mẹ́rin wọlé. Edé tẹ̀ lé e. Àwa ń fi àkàsà nu ata. Inú bí mi gan-an, torí láti Tchaourou ni mo ti ń ro ti edé yẹn.

Alájì Oumarou wò ó títí, ó ní, "Chérifou, àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé o."

"Kò burú, Alájì," ni Tonton Chérifou dáhùn, ó ń fa egungun lẹ́nu. "Mo gbé abọ́ wá."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wo ibi tí odò Mono ti ń wọ òkun. Ẹyẹ funfun bo àwọn igi tó ń hù nínú omi. Ó dára débi pé Tata Rafiatou lo gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: "Ọlọ́run tóbi o!" Ọmọ-Òkun dà? Ó dọ̀bálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ó di igi mú lọ́tùn-ún lósì, ó sì di ojú.

"Tonton, ẹ ò wòran ni?"

"Òkun ló ń wá mi, Habibath. Bí mo bá gbé orí sókè, á dá mi mọ̀, inú rẹ̀ á dùn jù, á sì ru bò yín mọ́lẹ̀. Nítorí yín ni mo ṣe sá pamọ́, quoi."

Níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí náà ló ti yọ fóònù, tó fi ohùn ránṣẹ́ sílé lórí WhatsApp: "Mo wà lójú agbami báyìí o, mo dúró ṣánṣán! Lọ́la, màá fi ọwọ́ ara mi mú ẹja ńlá. Ẹ pe gbogbo èèyàn jọ síwájú ilé mi!"

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, àwọn apẹja ń fa àwọ̀n. Wọ́n ti fi ọkọ̀ gbé e jù sójú omi láti ìdájí. Okùn rẹ̀ méjèèjì wà lórí iyanrìn, èèyàn bí ogójì di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú, wọ́n ń fi orin fà á bọ̀. Àwa ará Tchaourou ò lè rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ká wá káwọ́ gbera. Alájì Oumarou ló kọ́kọ́ ká aṣọ rẹ̀, tó di okùn mú. Tata Rafiatou tẹ̀ lé e, gbogbo wa sì tẹ̀ lé wọn, àfi ẹnì kan.

Lọ́dọ̀ wa, bí a bá ń ṣe ọ̀wẹ̀ lóko iṣu, àgbà kì í kọ ebè. Abẹ́ igi ló ń jókòó sí, á máa ki àwọn tó ń kọ ebè, bí iyán bá sì dé, òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ bù fún. Tonton Chérifou rò pé bí oko ṣe rí náà lòkun rí. Ó gbé àga sábẹ́ igi àgbọn, ó gbé abọ́ rẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: "Ẹ fà á! Ẹ̀yin ọmọ akin! Ẹ fà á, mò ń wò yín!"

Bí àwọ̀n ṣe gúnlẹ̀, ó pe Habibath. "Ṣe vidéo, pe ilé. Kí Tchaourou fojú ara wọn rí bí wọ́n ṣe ń pín ẹja fún ọ̀gá."

Habibath pe ilé. Maïmounatou, ìyàwó Tonton Chérifou, yọ lójú fóònù, ìdajì àdúgbò sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Olórí àwọ̀n, ọ̀gá àwọn apẹja náà, gbọ́ Nàgó, èdè wa, dáadáa, torí Pobè ló ti fẹ́ ìyàwó. Ó ní, "Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ hàn mí." Bí wọ́n ṣe ń pín in níbẹ̀ nìyẹn: okùn máa ń fi ìlà pupa sí ọwọ́ ẹni tó bá fà á. Alájì Oumarou na ọwọ́, ó gba ẹja méjì. Ọwọ́ Tata Rafiatou ti bó, ó gba mẹ́ta. Ó wá kan Tonton Chérifou. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ rọ̀, òróró edé tó tún jẹ láàárọ̀ ṣì ń dán níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin ò fa okùn."

"Èmi? Àgbà ni mí. Mò ń kì wọ́n ni."

"Òkun kì í gbọ́ oríkì, bàbá."

Etíkun bú sẹ́rìn-ín. Fóònù náà bú sẹ́rìn-ín. A gbọ́ ohùn Maïmounatou: "Bàbá Farid, ṣebí ọwọ́ ara yín lẹ ní ẹ fẹ́ fi mú un?"

Àánú ṣe olórí àwọ̀n. "Ó dáa. Ẹni tí àìsàn ò bá jẹ́ kó fa okùn, a kì í jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹja wẹ́wẹ́ tó kù nísàlẹ̀ àwọ̀n, tirẹ̀ ni. Ṣé ara yín ò yá ni?"

Tonton Chérifou wo fóònù. Ó wo ẹja wẹ́wẹ́.

"Ara mi ò yá," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Mi ò gbọ́, bàbá."

"Mo ní ara mi ò yá!"

"Kí ló ń ṣe yín?"

"Ọwọ́. Ọwọ́ mi méjèèjì ni. Kò lè gbé nǹkan kan. Ó ti tó ọdún mẹ́ta, donc..."

"Yéè!" ni Maïmounatou ké. "Ọwọ́ wo? Èyí tó dá gbé ìkòkò ọbẹ̀ mi láàárọ̀ Jímọ̀?"

Olórí àwọ̀n bu ẹja wẹ́wẹ́ ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú abọ́ ńlá náà. Kò bo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Alájì Oumarou wá gbọn iyanrìn aṣọ rẹ̀ dànù. "Ẹ jẹ́ ká yan ààrẹ wa ká tó wọ ọkọ̀. Chérifou ni mo fẹ́ dárúkọ tẹ́lẹ̀. Ó lẹ́nu, ààrẹ sì nílò ẹnu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta, ìkà ni ká tún gbé ẹrù ẹgbẹ́ lé e lórí. Rafiatou ni mo mú."

Gbogbo wa na ọwọ́ sókè, bó ti wù kó máa ta wá tó.

"Alájì, ẹ dúró!" Tonton Chérifou ti fò dìde. Ó gbé abọ́ náà sókè réré ju orí rẹ̀ lọ. "Ara mi ti yá! Ẹ wò ó, ọwọ́ méjèèjì! Àìsàn náà ti lọ pátápátá!"

"A dúpẹ́," ni olórí àwọ̀n wí, ó sì na ọwọ́. "Ẹ dá ẹja aláìsàn padà."

Tonton Chérifou wo Alájì Oumarou. Ó wo Tata Rafiatou. Ó wo ẹja wẹ́wẹ́ tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún nínú abọ́. Ó rọra jókòó sílẹ̀ lórí iyanrìn, ó gbé abọ́ náà lé itan, ó fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra.

Ó ní, "Ó tún ti bẹ̀rẹ̀."