Ọ̀gá Má-Fọwọ́-Kàn-Án àti Àṣàkẹ́ Onírọ́bà

Bí ẹ bá rí obìnrin kan tó nu ọwọ́ ilẹ̀kùn kó tó ṣí i, tó tún nu ún lẹ́yìn tó ṣí i tán, ẹ kí i dáadáa. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni. Ẹ má wulẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ o. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sọ ọ́ lórúkọ tó bá a mu: Má-fọwọ́-kàn-án, a-ra-ọkọ́-má-roko, a-ra-ìkòkò-má-sebẹ̀, obìnrin tí aṣọ funfun rẹ̀ ń dán ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ohun tó ń mú orí ọ̀gá wú jù láyé ni Àṣàkẹ́. Àṣàkẹ́ kì í ṣe ọmọ rẹ̀ o. Ọmọláńgidi onírọ́bà ni, ó gùn tó àgbàlagbà, wọ́n sì rà á kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì, bí wọ́n ṣe ń yí i padà, bí wọ́n ṣe ń gún un lábẹ́rẹ́. Ọjọ́ tó dé ni ọ̀gá ti tẹ́ ẹ sínú yàrá onígíláàsì, ó fi ọ̀rá bò ó, ó tilẹ̀kùn, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn ara rẹ̀.

Bí ọjọ́ iṣẹ́ ọwọ́ bá dé, kíláàsì á tò síta, wọ́n á máa yọjú láti ara gíláàsì. Ọ̀gá á fi rúlà tọ́ka.

"Itan nìyẹn. Ibẹ̀ lẹ máa gún. Ṣé ẹ rí i?"

"A rí i, Mà."

"Ó tó bẹ́ẹ̀. Ojú lọlọ́gbọ́n fi ń kọ́ṣẹ́. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ilé ló ń lọ."

Lọ́dọọdún, ọgbọ̀n akẹ́kọ̀ọ́ á wọlé. Bí ọdún bá sunwọ̀n, mẹ́rin á jáde. Àwọn yòókù á dé iwájú aláìsàn gidi lọ́jọ́ ìdánwò, ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n, ọ̀gá á sì ní ọ̀lẹ ni wọ́n.

Ọ̀kan lára wọn ni Aránṣọ. Iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Ó ta máṣíìnì rẹ̀ kó tó lè wọlé. Ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́. Bó bá tún ṣubú lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀. Kò ní rí máṣíìnì padà sí, kò sì ní di nọ́ọ̀sì. Ẹ̀rù yẹn kì í jẹ́ kó jẹun kánú. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyá ọkọ rẹ̀ kọ́ṣẹ́ nílé, ìyá arúgbó tí apá àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti rọ.

"Màmá, ẹ jẹ́ n yí yín sí ọ̀tún."

"Ìyàwó, ẹ̀ẹ̀karùn-ún òní rèé! Ṣé ẹní ni mí tí ò ń ká tí ò ń tẹ́?"

Síbẹ̀ ìyá ò bínú. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dégbò tẹ́lẹ̀ ti jinná.

Ọjọ́ ìdánwò ẹlẹ́ẹ̀kẹta pé. Olùbẹ̀wò kan dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba, ìyá àgbà kan tí kì í pariwo. Gbogbo kíláàsì tò síta yàrá onígíláàsì bí ìṣe wọn, Aránṣọ ló sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù.

"Ọ̀gá," ni olùbẹ̀wò wí, "ọgbọ̀n wọlé, mẹ́rin jáde. Kí ló dé?"

Ọ̀gá na ọrùn. "Ọmọ òde òní ni, Mà. Fóònù lọ́tùn-ún, oorun lósì. A ò fi nǹkan kan dù wọ́n. Ṣebí Àṣàkẹ́ wà níbí."

"Ta ni Àṣàkẹ́?"

Ìbéèrè tí ọ̀gá ti ń retí láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ó ṣílẹ̀kùn, ó sì ká ọ̀rá kúrò jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn.

"Ọdún mẹ́fà rèé, Mà! Ẹ wo bí ara ṣe ń dán. Ẹ wá ojú abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo lára rẹ̀, ẹ ò ní rí i!"

Olùbẹ̀wò bẹ̀rẹ̀, ó wo apá, ó wo itan. "Lóòótọ́, n ò rí i."

"Mo wí bẹ́ẹ̀!"

"Ọdún mẹ́fà?"

"Mẹ́fà gbáko! Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó fọwọ́ kàn án rí!"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Kí ni wọ́n wá fi ń kọ́ṣẹ́?"

"Ojú... ojú ni, Mà."

Ẹnì kan fi ìka dí ẹnu lẹ́yìn, ẹ̀rín ò gbọ́.

"Ó dáa. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí n rí bí ẹ ṣe ń kọ́ wọn."

Ọ̀gá rìn yí bẹ́ẹ̀dì ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo orí, ó wo ẹsẹ̀. Ó di apá Àṣàkẹ́ mú, ó fà á bí ẹni ń fa okùn kànga. Apá yọ! Ọ̀gá dúró gbagidi láàárín yàrá, apá rọ́bà lọ́wọ́, òógùn lójú. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Òòyì kọ́ ọ̀gá, ó ń ṣubú lọ.

Aránṣọ ò ronú. Ó ti sáré wọlé gbá a mú kó tó balẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Àṣàkẹ́, ó tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀, ó fi ìrọ̀rí gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó sì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń ka bí iṣan ṣe ń lù. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n rárá.

"Aṣọ bẹ́ẹ̀dì yẹn..." ni ọ̀gá ń kùn, "tuntun ni o..."

"Ẹ má sọ̀rọ̀, Mà. Ẹ mí síta jẹ́jẹ́. Mo fẹ́ yí yín sí ọ̀tún."

Ó yí i. Ọ̀gá yí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Olùbẹ̀wò ṣí ìwé ìdánwò. "Ọmọ mi, o ti yege." Omi ayọ̀ lé ròrò sójú Aránṣọ. Olùbẹ̀wò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn ọ̀gá, ó gbé e fún kíláàsì, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tún ti yàrá náà mọ́. Lẹ́yìn náà ló wá kọ orúkọ ọ̀gá síbi tí wọ́n kọ "aláìsàn tí a tọ́jú" sí nínú ìwé, ó sì na bírò sí ọ̀gá.

"Aláìsàn gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé wọ́n tọ́jú òun dáadáa. Ẹ bá wa fọwọ́ sí i, Mà."

Ọ̀gá wo òkè àjà. Ó wo gbogbo ojú tó tò sára gíláàsì, tí wọ́n ń wò ó. Ó gba bírò, ó sì fọwọ́ sí i ní ìdùbúlẹ̀.