Bàbá Ọ̀jẹ̀dòkun Tó Sọ fún Àgbàrá Pé Òun Ò Gbà

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé àgbàrá ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń fi í ki ara yín láyà ni.

Bàbá Ọ̀jẹ̀dòkun ló dá a sílẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa ọkọ̀ akẹ́rù kó tó rí ilé kọ́ sétí Odò Ẹlẹ́jà, láàárín ìgboro. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín. Ọ̀rá ló ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Kọnkéré ni wọ́n fi há odò náà lọ́tùn-ún lósì, bí òjò bá sì ti rọ̀, omi á máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé, á ya ilé onílé.

Nígbà tí àwọn onílé ṣèpàdé, Fèyíṣará, ọmọ àdúgbò tó kàwé nípa omi, ní kí wọ́n fọ́ kọnkéré, kí odò máa rìn kọ́lọkọ̀lọ bíi tàtijọ́, kí wọ́n gbin èèsún sétí rẹ̀ kó máa sẹ́ ìdọ̀tí, kí wọ́n sì gbẹ́ adágún tí àgbàrá á ti máa sinmi. Gbogbo wọn gbà. Àfi pé ẹ̀yìnkùlé Bàbá ni adágún bọ́ sí, níbi tí ṣáláńgá onípáànù rẹ̀ ti ń da ẹrù sódò ní tààràtà.

Bàbá ní òun ò gbà. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá yọ̀ǹda ẹ̀yìnkùlé lónìí, wọ́n á gba pálọ̀ rẹ̀ lọ́la. Àti pé ọkùnrin yìí fẹ́ràn "n ò gbà" ju ẹran lọ: wọ́n ní kí wọ́n fi àdúrà parí ìpàdé, ó ní òun ò gbà. Àwọn yòókù bá lọ gbin èèsún tiwọn sétí odò lápá ìsàlẹ̀.

Òjò àkọ́kọ́ wó ilé adìyẹ. Bàbá dúró lójú fèrèsé, ó ń sọ fún omi pé òun ò gbà. Ìkejì gbé ilé ìdáná lọ tòun ti ìkòkò ọbẹ̀. Àsàbí, ìyàwó rẹ̀, ní, "Baálé mi, omi yìí ò gbọ́ Yorùbá o."

Ìkẹta bá Bàbá nínú ṣáláńgá. Omi gbé páànù, ó gbé pákó, ó gbé onílé tó jókòó lé e. Gbogbo àdúgbò ń wò ó bó ṣe ń kọjá lọ, ó fọwọ́ kan di ṣòkòtò mú, ó ń ju èkejì sí àgbàrá pé òun ò gbà. Inú èèsún tí wọ́n gbìn lápá ìsàlẹ̀ ló há sí. Èèsún náà dì í mú gẹ́gẹ́ bó ṣe ń di ìdọ̀tí yòókù mú.

"Bàbá, ẹ kú ewu," ni Fèyíṣará wí. "Ṣé ká yọ yín, àbí ẹ ò gbà?"

"Mo gbà."

"Adágún ńkọ́?"

Bàbá bojú wẹ̀yìn, ó rí omi tó ń lá ìpìlẹ̀ ilé tó fi ọgbọ̀n ọdún wá.

"Mo gbà, ọmọ mi. Ẹ gbẹ́ ẹ dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi."

Lọ́dún kejì, àgbàrá fi ìbínú dé, ó ya sínú adágún, ó jókòó sáàárín òṣíbàtà, ara rẹ̀ sì wálẹ̀. Ilé ò mì. Ẹja gan-an padà dé. Ni Bàbá bá gbé àga síta, ó ń sọ fún gbogbo àlejò pé, "Àgbàrá ò lóun ò nílé wó o. Èmi onílé ni mo ní n ò gbà fún un."

Àsàbí kàn wo ibi tí ṣáláńgá wà tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, bí àgbà kan bá tún wú àyà níwájú yín pé àgbàrá ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un, ẹ rọra bi í bóyá ó ti wọ ọkọ̀ onípáànù yẹn rí.